Kí Ló Ń Sọ fún Ara Pé Ó Tó?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba lórí iṣẹ́ họ́móònù nínú ara ènìyàn

   

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n sọ bí họ́móònù ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara. Ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ayé. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège a ní họ́móònù ni. Ọkùnrin tí irun orí rẹ̀ ń re a ní họ́móònù ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó gbó bàbá rẹ̀ lẹ́nu, họ́móònù náà ni ìyá rẹ̀ á fi bẹ̀bẹ̀ fún un. Nínú ọjà, àgbo wà nínú ike tí wọ́n ní ó ń tún họ́móònù tò. Bí ẹ bá tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀ dáadáa, ohun kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ wọn: wọ́n gbà pé họ́móònù ò pọ̀ tó, kí a wá nǹkan bù kún un.

Èmi gba ọ̀nà mìíràn wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wọ gbọ̀ngàn yìí: nígbà tí họ́móònù bá ti jáde, tó sì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ló ń sọ fún ara pé ó tó? Ohun tí mo fẹ́ gbèjà títí tí n ó fi jókòó ni pé títú họ́móònù jáde kò ni ara lára. Dídá a dúró lásìkò ni iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n. Púpọ̀ nínú àìsàn họ́móònù tí à ń rí ní ilé ìwòsàn, ibi tí ọ̀rọ̀ “ó tó” ti já ló ti bẹ̀rẹ̀: yálà ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ kò sọ ọ́, tàbí wọ́n sọ ọ́ tí kò sẹ́ni tó gbọ́.

1. Kí ni gílándì, kí ni họ́móònù?

Gílándì ni ẹ̀yà ara tó ń mú nǹkan láti inú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń fi ṣe ohun mìíràn tí ara nílò. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ní ojú ihò tí ohun tó ṣe ń gbà jáde: èyí tó ń ṣe itọ́, èyí tó ń ṣe òógùn, ọmú abiyamọ. Èkejì kò ní ojú ihò kankan. Inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ló ń tú ohun tó bá ṣe sí. Oríṣi kejì yìí la wá sọ̀rọ̀ lé lórí, ohun tó sì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ là ń pè ní họ́móònù.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Ní 1849, ní ìlú Göttingen ní Jámánì, Arnold Berthold yọ kóró ẹpọ̀n àwọn àkùkọ kéékèèké. Àwọn tó yọ tiwọn dànù kò kọ bí àkùkọ, ogbe orí wọn kò dàgbà, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn tó tún ti kóró ẹpọ̀n bọ inú ikùn wọn di àkùkọ gidi, wọ́n ń kọ, wọ́n ń lé abo kiri. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣan ìmọ̀lára tó so kóró náà mọ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ti já. Berthold ní inú ẹ̀jẹ̀ ni ohun náà gbà. Wọ́n kà á, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó di 1902 kí William Bayliss àti Ernest Starling tó tún kan ilẹ̀kùn yẹn ní London. Ohun tí wọ́n ń wá ìdí rẹ̀ ni páńkíríà, ẹ̀yà ara gbọọrọ tó sùn sẹ́yìn àpòlúkù, tó ń tú omi tó ń da oúnjẹ sínú ìfun. Ta ló ń sọ fún un pé oúnjẹ ti dé? Pavlov ní Rọ́ṣíà ti ní iṣan ìmọ̀lára ni, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà. Bayliss àti Starling gé gbogbo iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí apá kan nínú ìfun ajá, wọ́n wá ta omi kíkan sí i. Páńkíríà tú omi rẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Wọ́n ha inú ìfun náà, wọ́n lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi kíkan àti yanrìn, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sì gún un sínú ẹ̀jẹ̀ ajá náà. Páńkíríà tún tú omi. Kò sí iṣan kankan nínú ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ló jẹ́ iṣẹ́ náà. Ní 1905, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bí irú èyí tí a ń ṣe lónìí, Starling pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní họ́móònù.

Nítorí náà, ìtumọ̀ tí mo fẹ́ kí a mú lọ ni èyí: họ́móònù ni iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan rán, tí ẹ̀jẹ̀ gbé, tí ẹ̀yà ara mìíràn lọ́nà jíjìn sì jẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìtumọ̀ yìí ò pé láìsí ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé họ́móònù káàkiri gbogbo ara bí akéde ṣe ń lu agogo yí ìlú ká, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó ní etí fún un nìkan ló ń dáhùn. Etí yìí wà lára sẹ́ẹ̀lì ní tòótọ́. Purotéènì ni, họ́móònù kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Àwọn họ́móònù kan, bí ínsúlínì, ìta sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń dúró sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn, bí cortisol àti ti obìnrin àti ti ọkùnrin, ń wọlé lọ títí dé ìdí àwọn jíìnì, wọ́n sì ń tan àwọn kan, wọ́n ń pa àwọn mìíràn. Ìdí nìyẹn tí èkínní fi ń yára, tí èkejì fi ń gba wákàtí tàbí ọjọ́.

N kò ní ka gbogbo gílándì fún yín. Ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ti kà wọ́n tán. Ìdí ọ̀rọ̀ “ó tó” ni mo ń lọ.

2. Bí “ó tó” ṣe ń dé

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí. Ara máa ń ba họ́móònù jẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn. Adrenaline, èyí tó ń mú àyà ènìyàn já nígbà tí ọ̀kadà bá fẹ́ kọlù ú, kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ínsúlínì tó jáde báyìí, ìdajì rẹ̀ ti lọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 5. Ti táírọ́ọ̀dì ló ń pẹ́: ó ń tó ọjọ́ 7 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, nítorí ẹ̀ ni ẹni tó gbàgbé oògùn táírọ́ọ̀dì rẹ̀ lọ́jọ́ kan kì í fi í mọ ìyàtọ̀. Ọ̀nà kejì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbọ́: sẹ́ẹ̀lì tí a bá ń pè láìsinmi a máa dín etí rẹ̀ kù. Ọ̀nà kẹta ni mo fẹ́ jókòó tì, ìyẹn ni èsì. Bí iṣẹ́ tí a rán bá ti di ṣíṣe, ohun tó ti ibẹ̀ jáde a padà lọ bá ẹni tó rán an, a sì mú un dákẹ́.

Ẹ wo táírọ́ọ̀dì, gílándì tó rọ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun níwájú ọrùn, tí ìwọ̀n rẹ̀ lára àgbàlagbà kò ju bí 20 gíráàmù lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa sọ bí ara á ṣe yára jó epo tó: ìgbóná ara, lílù ọkàn, ìdàgbàsókè ọpọlọ ọmọ. Kì í dá iṣẹ́ yìí ṣe. Pitúítárì, gílándì tí kò tóbi ju ẹ̀wà kan lọ nísàlẹ̀ ọpọlọ, ló ń rán họ́móònù kan, TSH, sí i pé kó ṣiṣẹ́. Lókè pitúítárì, apá kan nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ hypothalamus ló ń rán TRH sí òun náà. Láti rí TRH yìí, Roger Guillemin lọ ọ̀kẹ́ àìmọye ọpọlọ àgùntàn láti ilé ìpẹran. Andrew Schally, tó ń bá a dù ú, lọ ti ẹlẹ́dẹ̀. Ní 1969 ni àwọn méjèèjì mọ bí ó ṣe rí, ní 1977 wọ́n sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel, láìfẹ́ràn ara wọn títí dé orí pèpéle.

Nígbà tí họ́móònù táírọ́ọ̀dì bá ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń gòkè lọ bá pitúítárì àti hypothalamus, tí TSH á sì lọ sílẹ̀. Bí ó bá dín kù, TSH á tún gòkè. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba èsì àyẹ̀wò táírọ́ọ̀dì rí, tí ó yà yín lẹ́nu pé TSH yín ga tí dókítà sì ní táírọ́ọ̀dì yín ń rẹ̀wẹ̀sì, àlàyé rẹ̀ nìyẹn. TSH tó ga jẹ́ igbe pitúítárì tí kò tíì gbọ́ “ó tó”.

Gẹ̀gẹ̀ ni ẹ̀rí mi. Táírọ́ọ̀dì kò lè ṣe họ́móònù rẹ̀ láìsí áyódíìnì. Átọ́ọ̀mù áyódíìnì mẹ́rin ló wà lára thyroxine kọ̀ọ̀kan, bí họ́móònù náà ṣe ń jẹ́. Ohun tí àgbàlagbà nílò lójúmọ́ jẹ́ 150 máíkírógíráàmù péré. Bí a bá kó ti ọdún 70 jọ, kò kún ṣíbí kékeré kan. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ kò bá ní i, tí òkun sì jìnnà, oúnjẹ kò ní ní i. Nígbà náà, táírọ́ọ̀dì á gba àṣẹ, kò ní rí ohun tí yóò fi ṣe é. Họ́móònù kò jáde tó, “ó tó” kò dé òkè, TSH kò dákẹ́. Lábẹ́ TSH tí kò dákẹ́ yìí ni gílándì náà ti ń wú, lọ́dọọdún, títí tí yóò fi rọ̀ sórí àyà. Ẹni tó ní gẹ̀gẹ̀ bẹ́ẹ̀, gílándì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ti ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí lọ.

Ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ní agbègbè Nsukka, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ekpechi ṣe ìwádìí lórí gẹ̀gẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ó sì tọ́ka sí ẹ̀gẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé oró inú ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ dáadáa, tí a kò fún dáadáa, ń di thiocyanate nínú ara, èyí sì ń bá áyódíìnì du ẹnu ọ̀nà táírọ́ọ̀dì. Níbi tí áyódíìnì ti kéré tẹ́lẹ̀, ó ń bori. Ẹ má ṣe torí èyí sá fún gààrí o. Gààrí tí ó bá lo ọjọ́ rẹ̀ nínú àpò lábẹ́ òkúta, tí a sì yan gbẹ, ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú oró rẹ̀ sílẹ̀. Gààrí ìkánjú ni mo ń bá wí. Iyọ̀ tí a fi áyódíìnì sí ló gba púpọ̀ nínú ayé là. Switzerland bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1922, Michigan ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1924, òfin sì ti dé sí i lọ́dọ̀ tiwa náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa dé ìkòkò iyọ̀ yín, nítorí áyódíìnì ń fò lọ nínú ooru àti ọ̀rinrin. Àwọn aboyún ló nílò rẹ̀ jù, 250 máíkírógíráàmù lójúmọ́, torí ọpọlọ ọmọ inú ń dúró dè é.

Ẹ gbé òdìkejì rẹ̀ yẹ̀ wò. Ní 1835, ní Dublin, Robert Graves kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí ọrùn wọn wú, tí ọkàn wọn ń lù kìkìkì. Irú wọn wà lọ́dọ̀ wa: ara á máa gbóná, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ènìyàn á jẹun síbẹ̀ á máa rù, ojú á fẹ́ yọ síta. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ti ṣe ohun kan tó ń tẹ etí TSH lára táírọ́ọ̀dì, tó ń pe ara rẹ̀ ní TSH. Họ́móònù á pọ̀, á gòkè, pitúítárì á gbọ́, TSH tòótọ́ á lọ sílẹ̀ títí a kò fi ní rí i mọ́ nínú àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ojúlówó ló dákẹ́ yẹn. Ayédèrú kò ní ọ̀gá tó lè dá a lẹ́kun. Kò sí ibi tí “ó tó” ti lè bá a.

3. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ pẹ́ sí, nítorí àtọ̀gbẹ wà nínú ilé púpọ̀ nínú wa.

Bí a bá kó gbogbo ṣúgà tó ń yí nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí kò tíì jẹun láàárọ̀ jọ, kò ju nǹkan bí gíráàmù 5 lọ, ṣíbí kékeré kan. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan lè ní ju gíráàmù 30 lọ nínú. Tí ènìyàn bá wá mu ú tán, tí ó fi búrẹ́dì lé e, kí ló dé tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò fi di ìlọ́po méje? Ínsúlínì ni. Ó ń sọ fún iṣan apá àti itan, fún ọ̀rá, pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn gba ṣúgà wọlé. Ó ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó fi pamọ́, kó sì má ṣe tú tuntun jáde.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é wà nínú páńkíríà, ní ìdìpọ̀ kéékèèké tí Paul Langerhans, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Berlin, rí ní 1869 láìmọ iṣẹ́ wọn. Ní 1889, von Mering àti Minkowski yọ páńkíríà ajá kan, ajá náà sì bẹ̀rẹ̀ àtọ̀gbẹ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ohun tó wà níbẹ̀. Banting àti Best rí i ní Toronto ní 1921, nínú yàrá ìwádìí Macleod. Ní 11 oṣù Kìn-ín-ní 1922 ni wọ́n gún ọmọkùnrin ọdún 14 kan, Leonard Thompson, tó ti rù kan egungun. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò mọ́, ojú ibẹ̀ wú. Collip, ẹlẹgbẹ́ wọn, tún un ṣe. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 23 oṣù náà, wọ́n gún un padà, ṣúgà rẹ̀ sì wálẹ̀. Ó tún lo ọdún 13 láyé. Ṣáájú ìgbà náà, ebi ni wọ́n fi ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó kú.

Ta ló wá ń sọ fún ínsúlínì pé ó tó? Ṣúgà fúnra rẹ̀ ni. Sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò láìdákẹ́. Ṣúgà gòkè, ó tú u. Ṣúgà wálẹ̀, ó dáwọ́ dúró, èyí tó sì ti jáde ti ń bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú. Bí ṣúgà bá tilẹ̀ fẹ́ já sílẹ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì kejì nínú ìdìpọ̀ kan náà á tú glucagon, èyí tó ń pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ pé kó gbé díẹ̀ jáde nínú ohun tó fi pamọ́. Kò sí dókítà tó lè fi abẹ́rẹ́ ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí mi kejì wà. Ínsúlínì tí a gún sí awọ ikùn kò lè tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Tó bá ti wọlé, ó wọlé. Bí oúnjẹ bá dé, bí kò bá dé, yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. A dá ínsúlínì padà fún aláìsàn, a kò lè dá “ó tó” padà fún un, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìyẹ̀ṣúgàwò àti aago oúnjẹ. Glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ tí púpọ̀ nínú yín mọ̀, sún mọ́ bẹ́ẹ̀: ó ń fi tipátipá mú páńkíríà tú ínsúlínì kódà nígbà tí ṣúgà ti wálẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin tí òbí yín ń lò ó, pàápàá tí kíndìnrín wọn kò le. Bí bàbá bá ń gbààwẹ̀ Ramadan tàbí ti Lẹ́ńtì, tó sì lo oògùn rẹ̀ ní sààrì bí ó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, ní ọ̀sán á máa làágùn, á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa lọ́, àwọn ará ilé á ní ó ń rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ fún un ní nǹkan dídùn mu kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Bí kò bá lè gbé e mì mọ́, ẹ má da nǹkan sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni.

Àtọ̀gbẹ oríṣi méjì ló wà tí a máa ń rí jù. Nínú oríṣi kìn-ín-ní, tí ó sábà máa ń mú ọmọdé, ara ti pa àwọn sẹ́ẹ̀lì ínsúlínì rẹ̀. Oríṣi kejì ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, ó sì yàtọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ínsúlínì wà, ó tilẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tí ara rẹ̀ le lọ. Iṣan àti ẹ̀dọ̀ ni kò dáhùn mọ́ bí ó ti yẹ, nítorí ọ̀rá tó kún inú wọn, nítorí ìjókòó ọ̀sán àti òru. Ṣúgà kò wálẹ̀, páńkíríà kò gbọ́ “ó tó”, ó ń pariwo sí i fún ọdún púpọ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ ni ṣúgà kí ènìyàn tó jẹun láàárọ̀ máa ń kọjá 126 mg/dL, tí a wá ń sọ pé àìsàn dé. Ó ti ń bọ̀ tipẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé “họ́móònù rẹ kò tó” kò bá ẹni yìí mu rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Rírìn lójoojúmọ́ ń la etí iṣan padà; n kò mọ àgbo kankan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rá náà ń sọ̀rọ̀, kí n má gbàgbé. Ní 1994 ni Jeffrey Friedman àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní New York rí leptin, họ́móònù tí ọ̀rá ń tú láti sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ inú ara ti tó. Àwọn ọmọ díẹ̀ wà láyé tí wọn kò lè ṣe é; ebi wọn kò lópin, abẹ́rẹ́ leptin sì yí ayé wọn padà. Àwọn ènìyàn rò pé oògùn ìsanrajù ti dé. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí leptin ẹni tó sanra jù sábà máa ń pọ̀. Ọpọlọ rẹ̀ ni kò kà á sí mọ́.

4. Àtakò kan: ìrọbí

Àwọn agbẹ̀bí tó wà níwájú ti ń mi orí, mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ wí. Wọ́n á ní iṣẹ́ kan wà nínú ara tó jẹ́ pé bó ṣe ń lọ ló ń le sí i, kò sí èsì tó ń dá a dúró. Òótọ́ ni. Nígbà tí orí ọmọ bá tẹ ẹnu ilé-ọmọ, ìròyìn á lọ sí ọpọlọ, oxytocin á jáde, ilé-ọmọ á sún kì, orí ọmọ á tún tẹ̀ sí i, oxytocin á tún pọ̀ sí i. Henry Dale ló kọ́kọ́ rí i ní 1906 pé ohun tó wà lẹ́yìn pitúítárì ń mú ilé-ọmọ sún kì; du Vigneaud sì ṣe oxytocin fúnra rẹ̀ ní 1953. Abẹ́rẹ́ tí ẹ̀yin agbẹ̀bí ń gún fún ìyá lẹ́yìn ìbímọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya nìyẹn. (Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù, láàárín digiri 2 sí 8; èyí tó ti sùn sínú ooru kò lè gba ẹnikẹ́ni là.)

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ìyẹn náà ní òpin. Bí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀, ohun tó ń tẹ ẹnu ilé-ọmọ ti lọ. Ìbí ni “ó tó” rẹ̀. Ara kì í gba kí nǹkan máa gun orí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ àyàfi níbi tí òpin ti wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Nítorí náà n kò jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ mi. Àtakò yín ló tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Nígbà tí a sì wà lórí ọ̀rọ̀ ìbímọ, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ nǹkan tí a ń fojú fò. Pitúítárì aláboyún máa ń tóbi, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ kì í sì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ya ìyá púpọ̀ nígbà ìbímọ, pitúítárì lè kú sínú rẹ̀. Harold Sheehan ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1937. Àmì àkọ́kọ́ ni pé omi ọmú kò wá. Lẹ́yìn náà nǹkan oṣù kò padà, irun abíyá kò hù mọ́, òtútù ń mú un, ó ń rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́. Wọ́n lè máa fi àgbo wá wàrà fún un fún oṣù púpọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń rán iṣẹ́ sí gbogbo gílándì tó kù ni kò sí mọ́. Obìnrin tó ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nígbà ìbímọ, tí omi ọmú rẹ̀ kò wá, ẹ rán an wá fún àyẹ̀wò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣókí lórí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí a ń gbé mì. Gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú kókó mi. Ó ń gbé họ́móònù obìnrin díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, hypothalamus àti pitúítárì á rò pé ilé ẹyin ti ṣe tó, wọn kò ní rán iṣẹ́ sí i, ẹyin kò ní jáde. “Ó tó” àtọwọ́dá ni à ń tà nínú páálí yẹn.

5. “Ó tó” tí a fi owó rà

Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní ìwọ̀n, wọ́n sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ń lò ó. Èyí tó ń já mi láyà ni cortisol àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀.

Cortisol ń ti ara gílándì adrenal wá, àwọn méjì tó jókòó lórí kíndìnrín. Ó ń gòkè kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì ń lọ sílẹ̀ jù ní ọ̀gànjọ́ òru. Bí àìsàn bá dé, bí ènìyàn bá fara pa, ó ń pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè máa sáré, kí ṣúgà má sì tán. Pitúítárì ló ń pè é, òun náà ló sì ń padà lọ mú pitúítárì dákẹ́. Ní 1948, ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, Philip Hench fún obìnrin kan tí àrùn oríkèé-ara ti dè mọ́lẹ̀ ní cortisone, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá cortisol. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó dìde, ó rìn. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ lé e ní 1950. Oògùn ńlá ni, ó ń gba ẹni tí asthma ń pa là, n kò ní bá a jà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìwọ̀n rẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì kan ti prednisolone, òmíràn nínú wọn, 5 mg, ti sún mọ́ gbogbo cortisol tí ara ń ṣe lóòjọ́. Ẹni tó ń gbé mẹ́rin mì lójúmọ́ ti fún pitúítárì rẹ̀ ní “ó tó” ìlọ́po mẹ́rin. Pitúítárì á dákẹ́, àwọn adrenal kò ní rí ẹni tí yóò pè wọ́n, wọ́n á máa gbẹ. Lọ́dọ̀ tiwa, dókítà nìkan kọ́ ló ń fúnni. Àwọn kan ń ra dexamethasone, ọmọ ìyá cortisol mìíràn, ní kẹ́mísìtì kí wọ́n lè sanra. Wọ́n ń pò ó mọ́ àwọn ìyẹ̀fun àti àgbo kan tí wọ́n ń tà fún ẹ̀yìn dídùn àti lákúrègbé, ìdí tí oògùn náà fi ń “jẹ́” kíákíá nìyẹn. Irú rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí a fi ń bó ara. Clobetasol, ọ̀kan nínú wọn, le tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí a bá fi ń pa gbogbo ara fún oṣù púpọ̀ ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú á yọ roboto, ikùn á tóbi, apá àti ẹsẹ̀ á tín-ín-rín, ilà pupa á fa ikùn ya, ẹ̀jẹ̀ ríru á dé, àtọ̀gbẹ á tẹ̀ lé e. Wọ́n á ní ara ń gbà á.

Ewu tó pọ̀ jù wà ní ọjọ́ tí ẹni tó ń lò ó bá dá a dúró. Owó lè tán, ọ̀rẹ́ lè kọ̀ fún un; ó dá a dúró lójijì. Cortisol òde ti lọ, ti inú kò sì sí. Kò ní mọ̀ títí ibà tàbí iṣẹ́ abẹ yóò fi dé, tí ara á ké sí cortisol tí ẹnikẹ́ni kò ní dáhùn. Èébì, àárẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó já wálẹ̀, òmíràn kò ní jí mọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá ti ń gbé irú oògùn yìí mì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tàbí tó ti ń fi ìpara tó le bó ara fún oṣù púpọ̀, kó má dá a dúró lójijì nítorí ohun tí mo sọ níbí. Kó wá sọ́dọ̀ wa. A ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí pitúítárì lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe adrenal. Ó lè gba oṣù, ó lè tó ọdún kan. Bí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ láàárín ìgbà náà, kódà bí eyín ni ó fẹ́ yọ, kó sọ fún dókítà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ sì máa béèrè nípa ìpara. Àwọn aláìsàn kì í kà á mọ́ oògùn, wọn kò ní sọ ọ́ bí ẹ kò bá bi wọ́n.

Alága, aago tí ẹ fún mi ti lọ. Mo ṣetán fún ìbéèrè, ẹ jẹ́ kí àwọn agbẹ̀bí kọ́kọ́ béèrè.